Ta ni ó ni Ìtàn Yúróòpù?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ ní èdè Yorùbá rí wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìtàn, ó sì fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà tí òun yóò fi wọlé fún oyè tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Ó ní ìtàn Yúróòpù ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìtàn Ọ̀yọ́ kò tíì parí, ti Ìjẹ̀bú kò tíì parí, àìmọye ìlú ni kò tíì rí ẹni kọ ìtàn tiwọn sílẹ̀, òun wá fẹ́ lọ bá òyìnbó pọn omi sínú odò. Kò bá mi jiyàn. Ohun tí ó sọ ni pé, 'Ẹ má bínú, ọ̀gá, ṣebí àwọn náà ni wọ́n kọ ìtàn tiwa, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun tí ó kàn wọ́n níbẹ̀.' Mo kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ tọkàntọkàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí mo ti wá rí i pé èmi ni mo ṣìnà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀kọ́ báyìí kò ju kí á ka ìwé rẹpẹtẹ nípa ọba àti ogun lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún oyè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: akẹ́kọ̀ọ́ kì í ka ohun tí àwọn onítàn kọ nìkan mọ́, ohun tí àwọn onítàn kà kí wọ́n tó kọ ọ́ ni yóò lọ wá rí. Ilẹ̀ Jámánì ni àṣà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Leopold von Ranke, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Berlin ní 1825, a máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ sí ilé ara rẹ̀, wọn a sì jọ gbé ìwé àtijọ́ kan yẹ̀ wò: ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó kọ ọ́ sí, kí ni ó sì ń wá? Láti 1827 títí di 1831, òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn-àjò, ní Vienna, ní Venice, ní Rome, ó ń ka ìròyìn tí àwọn ikọ̀ ìjọba Venice fi ránṣẹ́ sílé láti ààfin àwọn ọba. Ní Rome, wọn kò jẹ́ kí ó wọ ibi tí ìwé àwọn Póòpù wà, nítorí pé ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni; 1881 ni Póòpù Leo Kẹtàlá tó ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Síbẹ̀ Ranke kọ ìtàn àwọn Póòpù, ó fi ìwé Venice àti èyí tí ó wà nílé àwọn ẹbí ńláńlá Rome kọ ọ́. Àwọn baba wa ní ẹnu oníkàn ni a ti í gbọ́ pọ̀ún. Ohun tí Ranke fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn, àfi pé ó fi kún un pé oníkàn náà lè purọ́. Oxford tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ kò tètè bá wọn dé ibẹ̀: 1917 ni ó tó dá oyè ọ̀mọ̀wé irú èyí sílẹ̀.

Èdè ni ìnira tí ó tóbi jù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé ìjọ Àgùdà ti ọ̀rúndún kẹtàlá gbọ́dọ̀ gbọ́ Látìnì, kí ó sì lè ka ìkọ̀wé àtijọ́, tí wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú tí wọ́n a sì fi àmì wínníwínní sórí rẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń ráhùn nítorí àmì ohùn bá fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí mo gbàgbé nígbà tí mo ń rẹ́rìn-ín ni Eric Williams. Ní Port of Spain, ní erékùṣù Trinidad, ni wọ́n ti bí i ní 1911. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni baba rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbé e dé Oxford ní 1932, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìmọ̀ ìtàn ní 1935, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní 1938. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n ń kọ́ tọmọdé tàgbà nígbà náà ni pé àánú ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, kí wọ́n sì tún ṣe òfin ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú ní 1833. Ọ̀jọ̀gbọ́n Reginald Coupland, tí ó wà ní Oxford kan náà, kọ ìwé lé e lórí ní 1933. Wilberforce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni akọni inú rẹ̀. Williams wọ inú ìwé ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò pẹ̀lú ìbéèrè tí ó yàtọ̀: èló ni wọ́n rí níbẹ̀, ta ni ó jèrè, ìgbà wo ni èrè náà sì dínkù? Ọmọ àwọn tí wọ́n tà ni ó ń béèrè iye tí wọ́n tà wọ́n.

Nígbà tí ó tún iṣẹ́ náà ṣe di ìwé tí ó pè ní Capitalism and Slavery ní 1944, ó sọ pé owó ẹrú àti ti ṣúgà wà lára ohun tí ó gbé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde, àti pé ìgbà tí ṣúgà àwọn erékùṣù wọn kò mówó wọlé bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ni etí tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àánú wá pọ̀ sí i. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Kò jáde ní Lọ́ńdọ̀nù títí di 1964, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti di olórí ìjọba orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ níbẹ̀ ní 2022, àwọn ènìyàn ń rà á bí ẹni ra ìwé tuntun.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní 1977, Seymour Drescher kọ ìwé kan láti fi hàn pé àwọn oko ṣúgà wọ̀nyí kò tíì máa kú lọ ní 1807, pé ńṣe ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ ara rẹ̀ gé èrè ara rẹ̀. Lójú tèmi, ó jàre Williams nípa ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Williams ti béèrè ọ̀rọ̀ owó, kò sí onítàn gidi tí ó tún lè kọ̀wé lórí òfin náà kí ó má dá a lóhùn. Bí kò bá sí ọmọ Trinidad nínú ilé ìkówèésí wọn, báwo ni ìbéèrè náà ìbá ṣe pẹ́ tó kí ó tó jáde?

Kí ni ó wá kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí? Ní 1821, wọ́n kó ọmọ kan lẹ́rú ní Òṣoògùn, wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Samuel Ajayi Crowther ni. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ni aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Òfin 1807 ni ó gbé ọkọ̀ ogun náà sójú òkun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí sójú pátákó, tí mo ń pè é ní ogún baba wa, láìrántí pé ọ̀nà rẹ̀ gba inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó wà ní Westminster kọjá. Kò sì yẹ kí á fi àlàyé ohun tí àwọn ènìyàn náà ń rò lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn nìkan.

Ọmọkùnrin náà wọlé. Òfin yìí ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí. Láìpẹ́ yìí ni ó fi ojú ewé díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí ó dà kọ láti inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní Freetown. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà wà, àti orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá ara. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó kọ ọ́, bí ó bá ti bọ́ sí i létí. Ó ní kí n bá òun wò ó, nítorí pé àwọn ọ̀gá òun lọ́hùn-ún kò mọ èyí tí í ṣe Yorùbá nínú wọn. Mo ti rí Òjó, mo ti rí Àìná, mo sì ti rí Àjàyí mélòó kan. Ọmọbìnrin kan wà ní ojú ewé kejì tí n kò tíì lè sọ bóyá Òkẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé tàbí Òkè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.