Kí Ló Dé Tí Achebe Kò Dá Ikemefuna Sí?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka Things Fall Apart nílé ìwé girama. Èmi bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n fi san gbèsè ẹ̀jẹ̀ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, tó gbé ọdún 3 nílé Okonkwo, tó ń pè é ní bàbá, ó ṣe wá jẹ́ kí wọ́n pa á? Ṣebí òǹkọ̀wé ló ni ìtàn. Bó bá wù ú, kó dá ọmọ náà sí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ogidi, nítòsí Onitsha, níbi tí Chinua Achebe ti dàgbà. 1930 ni wọ́n bí i. Ajíhìnrere ìjọ CMS ni Isaiah bàbá rẹ̀. (Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Yorùbá, Samuel Ajayi Crowther ará Osogun, ló ṣáájú àwọn tó gbé iṣẹ́ ìhìnrere dé Onitsha ní 1857. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá o.) Àwọn kan nínú ẹbí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yòókù ń bọ òrìṣà, Achebe sì ń jẹun nílé àwọn méjèèjì. Ó mọ ohun tí àwọn onígbàgbọ́ fi sílẹ̀, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀.

Ẹ wo Nwoye, ọmọ Okonkwo. Ó ti gbọ́ igbe àwọn ìbejì tí wọ́n gbé jù sígbó. (Ìtàn tiwa náà sọ pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.) Lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wọlé, ó mọ̀ pé Ikemefuna ti kú. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ìrora yìí, àfi ìgbà tí orin àwọn ajíhìnrere dé. Bí Achebe bá dá Ikemefuna sí, kí ni orin náà ì bá bá nínú ọkàn Nwoye? Isaac ni orúkọ tí Nwoye wá ń jẹ́ nígbà tó di onígbàgbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Genesisi 22, ẹ rò ó wò: Isaaki ru igi, Ọlọ́run sì pèsè àgbò. Ikemefuna ru ìkòkò ẹmu, kò sí àgbò. Àgbàlagbà kan ti kìlọ̀ fún Okonkwo pé kó má lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà sá tọ̀ ọ́ wá, ó bẹ̀rù kí wọ́n má pè é ní ojo, ó sì yọ àdá.

Kì í ṣe pé Achebe jókòó ṣẹ̀dá gbogbo ìyà yìí látinú afẹ́fẹ́. Ní 1905, wọ́n pa dókítà òyìnbó kan tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Ahiara. Ìjọba rán sójà, wọ́n sì pa àwọn ìlú ibẹ̀ run. Abame inú ìwé nìyẹn. Ó ṣòro kéèyàn kọ̀wé nípa irú àkókò bẹ́ẹ̀, kó sì sọ pé gbogbo ènìyàn sùn láyọ̀.

Lójú tèmi, ojú ewé tó kẹ́yìn ló le jù. Okonkwo ti pokùnso. Ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè náà ń rò ó pé òun yóò fi ọkùnrin yìí sínú ìwé tí òun fẹ́ kọ, bóyá ìpínrọ̀ kan péré. Achebe fún un ní odindi ìwé.

Mo tún un kà láìpẹ́ yìí. Nígbà tí mo dé ibi tí ìkòkò ẹmu náà ti fọ́ sílẹ̀, inú ṣì bí mi.