Àwọ̀n Ẹ̀fọn Tuntun: Ibi Tí Wọ́n Ti Dán An Wò

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn la mú wá. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ: "Nọ́ọ̀sì, àwọ̀n yẹn ò pa ẹ̀fọn mọ́." Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Àwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀.

Oògùn kan ṣoṣo ló wà lára àwọ̀n àtijọ́, pyrethroid ni wọ́n ń pè é. Iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn ló máa ń kọlù, ẹ̀fọn á sì ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n irú oògùn yìí náà làwọn àgbẹ̀ ń fín sí oko òwú àti oko ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọn tí oògùn ràn kú. Èyí tí kò ràn ló ń bímọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọmọ àwọn tí oògùn ò ràn ló gba ìlú.

Lọ́dún 2007, Raphael N'Guessan, Martin Akogbéto tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Abomey-Calavi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n lo ahéré tí wọ́n kọ́ fún ìdánwò ní Ladji, ní Kútọnu, àti ní Malanville lókè àríwá. Àwọn èèyàn fínnúfíndọ̀ sùn síbẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá lu, bíi tilé wa. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ka ẹ̀fọn tó kú àtèyí tó mu ẹ̀jẹ̀. Ní Malanville, àwọ̀n olóògùn ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Ladji, èyí tó ní ihò kò sàn ju èyí tí kò lóògùn rárá.

Kí ni ṣíṣe? Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn onímọ̀ Kútọnu àtàwọn ti ilé ẹ̀kọ́ ìlera ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pín àwọ̀n oríṣi mẹ́ta sí agbègbè 60 ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, nítòsí Kétu níbí. Ọ̀kan ni ti àtijọ́. Èkejì ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn bímọ. Ẹ̀kẹta ní oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní chlorfenapyr. Fún ọdún méjì ni wọ́n ń tọpa àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: láìsí àwọn ìyá tó gbà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn wò, kò sí iṣẹ́ kankan.

Èsì jáde lọ́dún 2023. Lábẹ́ àwọ̀n àtijọ́, tá a bá kó ọmọ 100 jọ fún ọdún kan, ibà ẹ̀fọn, ìyẹn palu, kọlù wọ́n bí ìgbà 103. Lábẹ́ àwọ̀n chlorfenapyr, ìgbà 56 péré ni. Èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Irú ìdánwò yìí ní Tansanía ti fi ohun tó jọ ọ́ hàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àwọ̀n chlorfenapyr fún ibi tí ẹ̀fọn ti ń borí oògùn àtijọ́.

Ẹ fetí sí èyí o: chlorfenapyr kì í pa ẹ̀fọn lójú ẹsẹ̀. Agbára inú ara ẹ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó kú. Tẹ́ ẹ bá rí i tó fò lọ, ẹ má sọ pé àwọ̀n ò dáa.

Bẹ́ ẹ bá gba àwọ̀n, ẹ nà án sí ibòji fún ọjọ́ kan. Ẹ má fi Javel fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ rán ihò ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ihò ṣe ní Ladji. Ẹ má fi pẹja, ẹ má fi ṣọgbà ẹ̀fọ́. Aboyún àtọmọdé ni kó kọ́kọ́ sùn sábẹ́ ẹ̀, lálaalẹ́. Bí ara ọmọ bá sì gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ọjọ́ kan tó pé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.