Orúkọ Tó Di Ìjánu: Ìtàn Ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú Ìdánwò Ìṣègùn

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ìdánwò ìṣègùn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí dókítà pàdánù máàkì tàbí ipò nítorí ẹ̀yà tó ti wá, kì í ṣe nítorí ohun tí kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa fínra. Ní 1902, ìjọba amúnisìn dá West African Medical Staff sílẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà àti àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbàwé ẹ̀rí ní Ìlú Ọba bíi ti àwọn òyìnbó náà. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ipò wọn, ọ̀tọ̀ ni owó oṣù wọn.

Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn St George's ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1982, kọ̀ǹpútà ló ń ṣa àwọn tí wọ́n máa pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orúkọ àti ibi tí wọ́n bí èèyàn ló fi ń dá ẹ̀yà mọ̀. Ó ń fa ẹni tí kì í ṣe òyìnbó sẹ́yìn, ó sì tún ń fa obìnrin sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà kò dá a ṣe o: ìṣesí àwọn olùkọ́ tó ń ṣa èèyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Olùkọ́ méjì níbẹ̀ ló tú àṣírí. Ní 1988, àjọ Commission for Racial Equality jábọ̀ pé èèyàn tó tó 60 lè ti máa pàdánù àǹfààní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́dọọdún.

Ní 1993, dókítà méjì ní Ìlú Ọba, Aneez Esmail àti Sam Everington, kọ ìwé ìwáṣẹ́ dókítà tí ìmọ̀ inú wọn dọ́gba, wọ́n fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sí òmíràn, orúkọ Éṣíà sí òmíràn. Ìlọ́po méjì ni wọ́n fi pe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ṣèwádìí yìí gan-an ni ọlọ́pàá mú.

Ìwádìí Katherine Woolf ní 2011 fi hàn pé àlàfo máàkì láàárín aláwọ̀ funfun àti àwọn yòókù wà nínú ìdánwò tí ẹ̀rọ ń máàkì pàápàá, nítorí náà ẹ̀bi náà kọjá ojú olùdánwò nìkan. Ní 2013, Esmail àti Chris Roberts yẹ ìdánwò àwọn dókítà ìdílé wò, èyí tí òṣèré ti ń ṣe bí aláìsàn. Nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin tí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun fi ń fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kìíní ju aláwọ̀ funfun lọ. BAPIO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ṣẹ̀ wá láti Íńdíà ní Ìlú Ọba, pẹjọ́ lórí ìdánwò náà. Ní 2014, adájọ́ Mitting dá ìdánwò náà láre, ṣùgbọ́n ó ní àsìkò tó kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí àlàfo náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, torí Ìlú Ọba ni ọ̀pọ̀ dókítà wa ń forí lé. Ọdún 2031 ni General Medical Council, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, dá pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀.