Orí Àgbò àti Ojú Olóògbé: Ìwádìí lórí Ère Igi Ọ̀wọ̀

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ a máa pín ìlú náà láàárín Ifẹ̀ àti Ìbíní bí ẹni ń pín ogún, wọ́n á ní ti Ifẹ̀ nìyí, ti Ìbíní nìyẹn, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á fi ta onílé lọ́rẹ. Òótọ́ ni pé ìtàn Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ kò sẹ́ Ifẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ní Òjùgbelú ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Òótọ́ sì ni pé ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ gba Ìfọ̀n lọ sí Ìbíní kì í ṣe ọ̀nà àná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ère igi wọn yóò rí i pé ọ̀nà méjì tó tako ara wọn ni Ọ̀wọ̀ ń gbà fi igi bu ọlá fún òkú: èkíní kò bìkítà bí olóògbé ṣe rí, èkejì kò sì wá ohun mìíràn ju bó ṣe rí lọ.

Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀sánmásìnmi, orí igi tí à ń gbé sí ojúbọ baba ńlá nílé àwọn olóyè. Orí àgbò gidi ni òmíràn, láti imú dé ọrùn. Òmíràn sì jẹ́ ojú ènìyàn tí ìwo àgbò hù lórí rẹ̀, tó ká kọrọdọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, tí ọ̀bẹ agbẹ́gilére sì ti fín ilà yí i po láti ìdí títí dé ṣóńṣó. Ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, ó ranjú mọ́ni. Kò sí ọmọ tó lè wo ojú yìí kó ní baba òun gan-an nìyí, síbẹ̀ níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ baba náà, nítorí baba tó ti di ará ọ̀run kúrò ní ẹni tí à ń bá ṣàwàdà. Ó ti di alágbára tó lè gbeni, tó sì lè bínú. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òkú ọlọ́lá náà fẹ̀yìn rìn ni, kò sá. Ní Ìbíní pẹ̀lú, orí igi ni ti ìjòyè, orí idẹ ni ti ọba, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn tó hu ìwo àgbò, Ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé William Fagg, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, fúnra rẹ̀, tí iṣẹ́ Ìbíní kò ṣàjèjì sí, ka púpọ̀ nínú iṣẹ́ eyín erin tí ayé ń pè ní ti Ìbíní sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀. Ta wá ni olùkọ́ níbẹ̀, ta sì ni ọmọ iṣẹ́?

Àìka ìjọra sí tí a rí lára ọ̀sánmásìnmi yìí kò yani lẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá. Ìkókó ni ìbejì tó kú, síbẹ̀ ọlọ́mú tó gbó tán ni wọ́n ń gbẹ́ ère rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Ewe ní Tógò àti Gánà, tí ìtàn wọn dárúkọ Kétu lára ibi tí wọ́n gbà kọjá kí wọ́n tó dé Notsé, ń gbẹ́ tiwọn tí wọ́n ń pè ní venavi, orí àgbàlagbà ni wọ́n sì ń gbé lé e pẹ̀lú.

Àkó, tí í ṣe ọ̀nà kejì, ló wá yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìsìnkú kejì fún ẹni ńlá tó fi ọmọ tó rí já jẹ sílẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ère tó tó ènìyàn ní gíga àti ní ìwọ̀n, wọ́n á fi aṣọ olówó ńlá olóògbé wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e jókòó kí ẹbí àti ará wá kí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e káàkiri ìgboro. Ògúnléye Ológan ló gbẹ́ ti ìyá Ọlọ́wọ̀ Ọlágbègí Kejì ní àwọn ọdún 1940. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ ni yóò bo ara, nítorí náà ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni agbẹ́gilére fi ń jẹ orúkọ, àwọn tó sì mọ olóògbé dáadáa ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ìdájọ́ tó le ni, nítorí ẹni tó gbẹ́ ọ̀sánmásìnmi kò ní ẹlẹ́rìí tó lè ní kò jọ ọ́.

Àkó yìí ni awalẹ̀pìtàn Frank Willett gbé lé orí Ifẹ̀ ní 1966. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí ihò wà lọ́rùn wọn, ti jókòó lórí ara igi fún irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀, tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò ní 1976, kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó 'Lájà, nínú Ọ̀wọ̀, ní 1971, tí wọ́n fojú bù sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, jọ iṣẹ́ Ifẹ̀ dé ibi pé a kò lè jiyàn mọ́ pé ọwọ́ tó mọ ojú ènìyàn í yà ti pẹ́ ní Ọ̀wọ̀. Ọwọ́ ni amọ̀ yẹn jẹ́rìí sí. Kò sọ ohun tí Ifẹ̀ ń fi orí idẹ ṣe, ara igi tí ì bá sì sọ ọ́, bó bá wà rí, ikán ti jẹ ẹ́ tán.