Èédú alágbẹ̀dẹ àti bátìrì ọ̀la

1/ Ẹ̀yin ará Ìlá-Ọ̀ràngún, èédú tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ irin láti ayébáyé àti graphene, ọmọ ìyá ni wọ́n o. Carbon ni ìyá wọn.

2/ Ní 2004, Geim àti Novoselov ní Manchester fi sẹ́lótéèpù bó graphite, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, títí ó fi ku ìpele fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo. Ní 2010, wọ́n gba Nobel.

3/ Ìṣòro wá dé: àwọn ìpele yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ni wọ́n bá pò ó mọ́ manganese oxide. Oxide ń tọ́jú iná, graphene ń gbé e kiri.

4/ Wọ́n ti fi èèpo èkùrọ́ ṣe carbon tó ń tọ́jú iná. Àwa ń dáná sun tiwa, a tún ń ra bátìrì òkèèrè. Ìlá ní ọ̀pẹ. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀?