Koríko àti Ogun Ọ̀yọ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ agbára Ọ̀yọ́ Ilé láyé àtijọ́, ẹṣin ni ẹnu wa máa ń kọ́kọ́ yà sí. A ó ròyìn bí pátákò ṣe ń dún kíkankíkan, àti bí ẹlẹ́ṣin ṣe ń fi ọ̀kọ̀ lé ọ̀tá wọgbó. Ṣùgbọ́n a kì í bèèrè ohun tí ẹṣin ọ̀hún yóò jẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìbéèrè yìí kéré lójú, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tí ó pààlà fún agbára Aláàfin.

Ẹṣin kì í ṣe màlúù, tí í jẹun tán tí í dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ. Àpò oúnjẹ rẹ̀ kéré. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ tọ̀sán tòru, inú ìfun ńlá sì ni koríko ti ń dà. Bí ebi bá pa á pẹ́, inú rírun lè mú un. Kò sì lè bì! Inú rírun a sì máa pa ẹṣin. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ẹran ń lò ni nǹkan bí kílò 2 koríko gbígbẹ lójúmọ́ fún 100 kílò ara ẹṣin. Ẹṣin tí ó bá wọn 300 kílò yóò jẹ kílò 6. Bí ó bá jẹ́ tútù ni, tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè tó 30 kílò. Ọkà bàbà kò lè dípò rẹ̀: ọkà a máa fún ẹṣin lágbára, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, inú á dàrú, ẹsẹ̀ á sì máa dùn ún.

Nílé, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, koríko pọ̀ níbẹ̀, Olókùn-ẹṣin sì wà láàfin tí í mójú tó ẹṣin ọba. Ogun ọ̀nà jíjìn ni ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí á fi 1,000 ẹṣin ṣe àpẹẹrẹ. Kílò 6,000 ni wọn yóò jẹ lójúmọ́. Bí ẹnì kan bá ru 25 kílò, ẹrù 240 nìyẹn fún oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn tí ó rù ú náà yóò sì jẹun. Nítorí náà, ohun tí ẹṣin bá bá lọ́nà ni yóò jẹ. Bí wọ́n bá pẹ́ lójú kan, ilẹ̀ ibẹ̀ á di pípá.

Igbó dí ọ̀nà gúúsù, kòkòrò tsetse tí ń mu ẹ̀jẹ̀ sì ń pa ẹṣin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níhà ìwọ̀ oòrùn, ọ̀dàn la igbó já títí dé ìtòsí òkun. Ọ̀nà yẹn ni ogun Ọ̀yọ́ gbà kọlu Dàhòmì ní 1726, nígbà tí Agaja jọba níbẹ̀. Wọ́n tún lọ ní 1728, 1729 àti 1730.

Agaja ní ìbọn, ẹṣin sì ń bẹ̀rù ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni ó gbójú lé jù. Nígbà tí Ọ̀yọ́ bá ń bọ̀, a fi ìlú sílẹ̀, a kó ènìyàn rẹ̀ wọ igbó níbi tí ẹṣin kò lè lé wọn dé. Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣòwò ní etíkun náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1734 pé àìrí koríko àti òjò tí ń bọ̀ a máa lé àwọn ẹlẹ́ṣin padà sílé. Ẹ rántí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jagun: koríko ti gbẹ, iná ti jó òmíràn. Bí òjò bá sì dé tí koríko ń hù, odò á kún, àìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹṣin.

Kí á má rò pé Agaja jèrè ńlá. Èèyàn tí ń sá wọgbó lọ́dọọdún kò lè dáko. Ní 1730 ó bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Wọ́n tún àdéhùn ṣe ní 1748, Dàhòmì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di 1823, nígbà tí Gezo kọ̀ ọ́. Nígbà náà, Ìlọrin ti yapa kúrò lábẹ́ Aláàfin, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ra ẹṣin láti Òkè Ọya sì ti bọ́ mọ́ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́.