Louis Kẹwàá àti Adé Tí Kò Rí Àrẹ̀mọ

Láti ọdún 987 tí Hugues Capet ti jọba ní ilẹ̀ Faransé, kò sí ọba kankan nínú ìran rẹ̀ tó wàjà láìfi ọmọkùnrin sílẹ̀. Louis Kẹwàá ni ó ba ètò yìí jẹ́. Oṣù Kọkànlá 1314 ni baba rẹ̀, Philippe Kẹrin, wàjà. Louis, ẹni ọdún 25, gorí ìtẹ́. Ó ti ń jẹ ọba Navarre tẹ́lẹ̀, nítorí ó jogún ibẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ilé rẹ̀ kò rójú. Lọ́dún 1314 kan náà ni wọ́n fẹ̀sùn àgbèrè kan Marguerite ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ ilé olódi Gaillard, níbi tó kú sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí fún ọba, Jeanne, àwọn ènìyàn sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá ni ọba ló bí i. Louis wá fẹ́ Clémence láti Hungary.

Ìjọba rẹ̀ kò tó ọdún méjì. Inú ń bí àwọn ìjòyè sí owó tí baba rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, Louis sì tù wọ́n lójú: ó jẹ́ kí wọ́n so Enguerrand de Marigny, olùdámọ̀ràn baba rẹ̀, kọ́ ní Montfaucon, ó sì fún Normandy àti àwọn ẹkùn mìíràn ní ìwé ẹ̀tọ́. Ní oṣù Keje 1315 ó pàṣẹ pé àwọn àgbẹ̀ tí kò lómìnira lórí ilẹ̀ ọba lè ra ara wọn padà. Ọ̀rọ̀ dáadáa pọ̀ nínú àṣẹ náà, ṣùgbọ́n owó ogun tó ń bá Flanders jà ni ọba ń wá. Òjò àrọ̀ìrọ̀dá sọ ogun náà di òfo nínú ẹrẹ̀; òjò yìí kan náà ló ba irè oko jẹ́ tí ìyàn fi mú.

Ní oṣù Kẹfà 1316, ní Vincennes, Louis gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, èyí tí tẹ́níìsì ti ṣẹ̀, ó wá mu wáìnì tútù lé e. Kò pẹ́ tó fi kú. Àwọn kan ní májèlé ni.

Clémence lóyún, nítorí náà Philippe, àbúrò ọba, di adelé. Oṣù Kọkànlá ni olorì bí Jean Kìn-ín-ní, ọba láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan láyé. Philippe kò dúró. Wọ́n dé e ládé ní Reims ní oṣù Kìn-ín-ní 1317, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn odi ìlú pa lásìkò ayẹyẹ náà, nítorí Eudes ti Burgundy, àbúrò ìyá Jeanne, ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ náà. Ní oṣù Kejì, àpéjọ kan ní Paris kéde pé obìnrin kò gbọdọ̀ jogún adé Faransé. Òfin Salic, òfin àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì wọ̀ ọ́ nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fà á yọ.

Òfin tuntun yìí padà bá Philippe fúnra rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1322, ọmọbìnrin nìkan ló fi sílẹ̀, Charles àbúrò rẹ̀ sì jọba. Charles náà kú ní 1328 láìní ọmọkùnrin. Àwọn ìjòyè fi adé fún Philippe ti Valois, ọmọ àbúrò bàbá Charles, wọ́n sì kọ Edward Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá rẹ̀ Isabelle jẹ́ àbúrò Louis. Ẹ̀tọ́ yìí ni Edward gbé dìde nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1337. Jeanne gba Navarre, ó sì jọba níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1349.